Ohun Tí Mo Rán Sínú Ìṣẹ́tí Síkẹ́ẹ̀tì Rẹ̀

Abẹ́rẹ́ ọwọ́ mẹ́tàdínlógún ni mo ní. Mo mọ iye wọn bí mo ṣe mọ iye eyín tó kù lẹ́nu mi. Nírọ̀lẹ́, kí n tó ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù, mo gbọ́dọ̀ kà wọ́n padà sínú agolo kékeré kan. Ìgbájú ni ẹni tó kọ́ mi níṣẹ́ fi kọ́ mi ní èyí. Ó ní bí ọ̀kan bá dín, kò sí ẹni tó gbọdọ̀ lọ sílé títí a ó fi rí i.

Láti ogójì ọdún ó lé tí mo ti ń ránṣọ, ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mi ò ka abẹ́rẹ́. Ọjọ́ kan yẹn ni mo fẹ́ sọ fún yín. Ẹ̀yin ìyá, ẹ̀yin ìyá àgbà, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń bá ọmọ yín tọ́ ọmọ, ẹ jókòó tì mí díẹ̀. Mi ò ní fi nǹkan kan pamọ́, nítorí ìfipamọ́ ló gbé mi dé ibi tí mo wà.

Aṣọ iṣẹ́ ni mò ń rán: ti àwọn tó ń ṣe búrẹ́dì, ti àwọn nọ́ọ̀sì, ti àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu géètì. Mo máa ń fi òwú kọ orúkọ oníkálùkù sí àyà aṣọ rẹ̀. Ẹ má rò pé mo mọ̀wé o. Kíláàsì mẹ́ta ni mo kà, ìkẹta gan-an, sísá ni mo sá níbẹ̀. Wọ́n á kọ orúkọ sórí bébà fún mi, èmi á wo lẹ́tà bí ẹni ń wo àwòrán, màá sì rán an bí mo ṣe rí i. Bí mo bá parí orúkọ kan, kókó kéékèèké mẹ́ta ni mo máa ń ta sí ìdí rẹ̀ kó má bàa tú. Mi ò tíì rí télọ̀ mìíràn tó ń ta á bẹ́ẹ̀.

Ọmọ-ọmọ mi obìnrin ló ń gbé lọ́dọ̀ mi. Pẹ́pẹ́yẹ ni mò ń pè é, nítorí bó ṣe ń rìn nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń fẹsẹ̀ tẹlẹ̀: ìdí á lọ sọ́tùn-ún, ìdí á lọ sósì. Ìyá rẹ̀, ọmọ kan ṣoṣo tí mo bí, ń dáná ní ilé ìwòsàn kan ní ìlú tó jìnnà. Ọmọ ọdún mẹ́ta ni Pẹ́pẹ́yẹ nígbà tó gbé e wá fún mi, ó ní oṣù mẹ́fà péré ni. Ọmọ náà ti di ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.

Òun ló ń bá mi ka abẹ́rẹ́. "Mẹ́tàdínlógún, Màmá. Wọ́n pé." Èmi á ní, "Ó yá, jẹ́ ká lọ jẹun." Bí ọjọ́ wa ṣe ń parí nìyẹn.

Orí ọmọ náà pé. Ẹ rán an níṣẹ́ mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, á jẹ́ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Oníbàárà á wọlé, kò tíì jókòó, ọmọ yìí á ti yọ́ sọ fún mi pé, "Màmá, èjìká ọ̀tún rẹ̀ ga ju tòsì lọ," òótọ́ ló sì máa ń jẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ fún un ní bébà àti pẹ́ńsù, ojú rẹ̀ á dà bíi ti ẹni tí wọ́n da omi tútù lé lórí.

Gbogbo ọjọ́ Ẹtì ni tíṣà wọn máa ń ṣe àpèkọ. Ọ̀rọ̀ mẹ́wàá tó ti fún wọn láti lọ kà ló máa ń pè, wọ́n á kọ ọ́. Ìwé Pẹ́pẹ́yẹ pọ́n bí ojú egbò. Oókan nínú mẹ́wàá. Òdo nínú mẹ́wàá. Ọjọ́ tó gba méjì, mo se ẹyin fún un.

Tíṣà ránṣẹ́ pè mí. Ọ̀dọ́mọbìnrin ni, ó so ìgò ojú mọ́ okùn lọ́rùn.

"Màmá, kì í ṣe pé kò gbọ́n o," ó ní. "Àwọn lẹ́tà ni kì í dúró jẹ́ẹ́ fún un. Àwọn ọmọ kan máa ń rí bẹ́ẹ̀."

"Ṣé ojú ló ń dùn ún?"

"Rárá, Màmá. Obìnrin kan wà tó kọ́ṣẹ́ lórí irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀. Ó ń bọ̀ wá máa kọ́ wọn níbí ní sáà tó ń bọ̀. Ọmọ mẹ́fà péré ló lè mú. Mo ti kọ orúkọ ọmọ tiwa síbẹ̀."

"Wọ́n á yà á kúrò láàárín ẹgbẹ́ rẹ̀?"

"Wákàtí kan lójúmọ́ ni, Màmá."

"Wákàtí kan tí gbogbo ilé-ìwé á fi máa nawọ́ sí i."

Ó wò mí, ó ní, "Ẹ lọ rò ó." Mi ò ro nǹkan kan. Inú ló ń bí mi.

Ní ọjọ́ kejì, ọmọ mi pè mí lórí fóònù. Tíṣà ti bá òun náà sọ̀rọ̀.

"Màmá, tí kò bá gòkè lọ́dún yìí, mò ń bọ̀ wá mú un. Ilé-ìwé kan wà nítòsí mi."

"Ta ló máa wà nílé pẹ̀lú ẹ̀ tí o bá lọ síbi iṣẹ́?"

"Màá wá nǹkan ṣe sí i. Ọmọ mi ni, Màmá."

Mo di fóònù mú lẹ́yìn tó ti gbé tiẹ̀ sílẹ̀. Mo wo àwo méjì tó wà lórí tábìlì, ife méjì, bàtà kékeré lẹ́nu ọ̀nà. Mo gbìyànjú láti wo ilé yẹn pẹ̀lú àwo kan. Ojú mi ò gbà á.

Ẹ jẹ́ n sọ òtítọ́: mo kọ́kọ́ gbìyànjú láti ràn án lọ́wọ́ bó ṣe yẹ. Bá a bá ti jẹun tán, á sọ ọ̀rọ̀ tó gbọ́ lẹ́nu tíṣà fún mi bó ṣe tò nínú ìwé, màá pè é, á kọ ọ́, màá fi tiẹ̀ wé ti inú ìwé bí mo ṣe ń fi apá aṣọ kan wé ìkejì.

"Wo ibí. Èyí ní ìrù. Tìẹ ò ní ìrù."

"Ó ní ìrù nígbà tí mo kọ ọ́, Màmá."

"Ó wá rìn lọ?"

A rẹ́rìn-ín lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́. Nígbà tó fi máa di ọ̀sẹ̀ kẹta, kò sẹ́ni tó ń rẹ́rìn-ín mọ́. Mo máa ń fi rúlà onígi gbá tábìlì, èjìká rẹ̀ á sì fò. Mo pè é ní olódo. Ẹ̀ẹ̀kan ni, ṣùgbọ́n mo pè é bẹ́ẹ̀. Kò sunkún. Ó kàn ń bá a lọ ní pípa nǹkan rẹ́.

Ọjọ́bọ̀ kan, ó dúró ti ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ mi, ó ń ṣeré pẹ̀lú aṣọ oníbúrẹ́dì kan tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ parí. Ó di ojú, ó ń fi ìka tọ orúkọ tó wà ní àyà aṣọ náà, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó tún padà. Lẹ́yìn náà ló mú pẹ́ńsù, ó sì kọ orúkọ ọkùnrin yẹn sẹ́yìn páálí òwú. Mo fi wé ti ara aṣọ. Kò sí lẹ́tà kan tó yà.

"Màmá, ọwọ́ mi mọ̀ ọ́n," ó ní.

Ibẹ̀ ló yẹ kí n ti dúró. Ọmọ yẹn fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ọ̀nà àbáyọ lé mi lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n ibòmíràn ni ojú mi lọ. Ìṣẹ́tí síkẹ́ẹ̀tì ilé-ìwé rẹ̀ ni mo ń wò. Èmi ni mo rán síkẹ́ẹ̀tì náà, mo sì ti ṣẹ́ aṣọ bí ìka mẹ́rin sínú ìṣẹ́tí yẹn, kí n lè máa tú u sílẹ̀ bó bá ṣe ń ga.

"Bọ́ síkẹ́ẹ̀tì ẹ," ni mo wí.

"Kí ló ṣe é?"

"Mo fẹ́ tún ìdí ẹ̀ ṣe."

Mo tú ìṣẹ́tí náà. Mo fi òwú tó jọ àwọ̀ aṣọ rán ọ̀rọ̀ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ti ọ̀sẹ̀ yẹn sínú rẹ̀, mo sì rán àwòrán kékeré sí ìwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹja kékeré wà níwájú ẹja. Igun mẹ́rin wà níwájú fèrèsé. Bí tíṣà bá ti pe ọ̀rọ̀, Pẹ́pẹ́yẹ á ṣẹ́ ìṣẹ́tí lé itan lábẹ́ tábìlì, á wá àwòrán, á fi ìka tọ lẹ́tà tó tẹ̀ lé e, á sì kọ ọ́.

Ó dúró nínú àwọ̀tẹ́lẹ̀, ó ń wò mí.

"Màmá, ṣé kì í ṣe jíjí ìwé wò nìyẹn?"

"Ìwé ta lo jí wò? Ṣé kì í ṣe aṣọ ẹ ni?"

"Kí n kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá?"

"Ṣé o fẹ́ kí wọ́n fura ni? Kọ márùn-ún. Lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, kọ méje."

"Márùn-ún wo ni kí n kùnà?"

"Èyí tó bá wù ẹ́."

Ó bú sẹ́rìn-ín. Láti ìgbà tó ti ń lọ sí ilé-ìwé, ẹnikẹ́ni ò tíì fún un láyè rí láti yan èyí tó máa kùnà.

Márùn-ún. Méje. Mẹ́jọ. Ní gbogbo ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, màá tú ti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, màá rán tuntun. Iṣẹ́ wákàtí kan ni, bẹ́ẹ̀ aṣọ àwọn nọ́ọ̀sì wà nílẹ̀ tí mi ò tíì fọwọ́ kàn. Mo sọ fún ara mi pé ọmọ ni mò ń ràn lọ́wọ́.

Tíṣà fúnra rẹ̀ wá sí ṣọ́ọ̀bù. Ó gbé ẹ̀wù kan wá tí bọ́tìnnì rẹ̀ já, ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé bọ́tìnnì kọ́ ló gbé e wá.

"Màmá, kí lẹ ń fún ọmọ yìí jẹ?"

"Ẹyin," ni mo wí. Àwa méjèèjì rẹ́rìn-ín.

"Mo ti yọ orúkọ rẹ̀ kúrò lára àwọn mẹ́fà yẹn. Àwọn òbí ń bẹ̀ wá fún àyè, a sì ti fún ọmọ mìíràn. Inú mi dùn pé mo ṣì í rò."

Nǹkan kan ṣẹ́ nínú mi, bí ìgbà tí abẹ́rẹ́ bá ṣẹ́ nínú ẹ̀rọ tí ẹsẹ̀ èèyàn ṣì ń tẹ̀ ẹ́ lọ. Mo lè sọ̀rọ̀ nígbà yẹn. Mo ní, "Ẹ ṣeun, Tíṣà," mo sì bá a gán bọ́tìnnì rẹ̀ láì gba kọ́bọ̀.

Ọmọ mi sunkún ayọ̀ lórí fóònù. "Màmá, ẹ ṣé gan-an. Ẹ jẹ́ ó máa gbé lọ́dọ̀ yín. Mi ò mọ̀ pé ẹ lè kọ́ ọmọ níwèé."

Ohun tí mo fẹ́ gbọ́ nìyẹn. Mo gbọ́ ọ, mo sì jẹun yó lọ́jọ́ náà.

Pẹ́pẹ́yẹ kò jẹun yó. Ó ti ń gé èékánná jẹ títí ó fi dé ẹran. Kò fo okùn mọ́ nígbà ìsinmi, kí síkẹ́ẹ̀tì má bàa fẹ́ sókè. Bó bá jókòó, ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì á wà lórí ìṣẹ́tí bí ẹni tí atẹ́gùn ń bá jà. Ní ìrọ̀lẹ́, ó ṣì ń ka abẹ́rẹ́, ṣùgbọ́n inú ló ń kà á sí. Á kàn dé agolo, á ní, "Ó pé."

"Màmá, tí síkẹ́ẹ̀tì yìí bá kéré sí mi ńkọ́?"

"Màá rán òmíràn."

"Tí mo bá di àgbà ńkọ́? Ṣé ẹ ó máa rán tìyẹn náà?"

"Jẹun, ó ń tutù."

Lọ́jọ́ kan, ó ní, "Ẹ jẹ́ n kúkú sọ fún Tíṣà."

"O fẹ́ kí wọ́n wá mú ẹ kúrò lọ́dọ̀ mi?"

Ó ní rárá. Mo ti mọ̀ pé rárá ló máa sọ. Ìdí tí mo fi bi í bẹ́ẹ̀ nìyẹn. Mo wá mú un ní àgbọ̀n, mo ní, "Gbọ́ mi dáadáa. Ohun yòówù kó ṣẹlẹ̀, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ yí ìṣẹ́tí yẹn sókè. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, Màmá."

Ọmọ tó ń gbọ́ràn ni. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Nígbà tí sáà ń parí lọ, ilé-ìwé ṣètò ìdíje àpèkọ. Kíláàsì mẹ́rin ni, ọmọ kan láti kíláàsì kọ̀ọ̀kan, nínú gbọ̀ngàn, níwájú àwọn òbí. Wọ́n fún wọn ní ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ láti lọ kà, wọ́n á mú mẹ́wàá pè nínú rẹ̀. Tíṣà mú Pẹ́pẹ́yẹ. Ọmọ mi gba àyè lẹ́nu iṣẹ́, ó ní òun á wá wò ó lójú òun.

Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ ju ìrọ̀lẹ́ kan lọ. Ọjọ́ mẹ́ta ni mo fi rán an, yíká síkẹ́ẹ̀tì náà, ìlà kan lórí èkejì. Nígbà tí ilẹ̀ ọjọ́ náà mọ́, ọ̀rọ̀ kan ló kù, ọmọ náà sì ti wọṣọ. Nínú iṣẹ́ wa, a kì í rán aṣọ mọ́ èèyàn lára. Mo ní kó gun àpótí. Mo rán an mọ́ ọn lára.

Mo wà lórí lẹ́tà tó kẹ́yìn nígbà tí tásì fọn fèrè níta. Ọmọ mi, tó ti ibi iṣẹ́ wá tòun ti jákẹ́ẹ̀tì, ti wọlé kí n tó gbójú sókè.

"Ẹ ò tíì ṣetán? Àwọn èèyàn á ti gba àga tán."

Kò sí àyè láti ta kókó, kò sí àyè láti gé òwú. Mo ti abẹ́rẹ́ tòun ti òwú wọ inú ìṣẹ́tí kó má bàa rí i, mo sì tẹ aṣọ náà pa dé. Mo ní màá yọ ọ́ nínú tásì.

Pẹ́pẹ́yẹ bojú wo agolo bí a ṣe ń jáde. "Màmá, a ò ka abẹ́rẹ́."

"Tá a bá dé."

Nínú tásì, ààrin ìyá rẹ̀ àti fèrèsé ló jókòó sí. Ìyá ń tún irun rẹ̀ ṣe, ó ń béèrè èyí, ó ń béèrè tọ̀hún. Mo wo àwọn méjèèjì, mo ń rò ó pé bí ọjọ́ òní bá ti kọjá, kò sẹ́ni tó máa tún dárúkọ mímú ọmọ lọ. Abẹ́rẹ́ kúrò lọ́kàn mi pátápátá.

Wọ́n to tábìlì kéékèèké mẹ́rin sórí pèpéle, wọ́n fi aṣọ bò wọ́n dé ilẹ̀. Pẹ́pẹ́yẹ rìn lọ, ó jókòó. Bó ṣe jókòó, ojú rẹ̀ yí padà. Mo rí i. Mo ní ẹ̀rù èèyàn ni.

Wọ́n pe ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́. Ó tẹ̀ síwájú, ọwọ́ òsì rẹ̀ wọ abẹ́ aṣọ tábìlì lọ, ó kọ ọ́. Wọ́n pe ìkejì. Nígbà tó fi máa di ìkẹrin, òógùn ti yọ sí òkè ètè rẹ̀, ètè náà sì funfun.

"Ọmọ yẹn ń ronú o," ọkùnrin kan tó jókòó lẹ́yìn mi sọ.

"Ọmọ mi ni," ọmọ mi dá a lóhùn, ó sì di ọwọ́ mi mú.

Nígbà tí wọ́n pe ìkẹfà, Pẹ́pẹ́yẹ di ojú pinpin kó tó na ọwọ́ sábẹ́ tábìlì. Ìgbà yẹn ni mo rántí.

Gbogbo ìgbà tó bá yí ìṣẹ́tí láti wá ọ̀rọ̀, ńṣe ni abẹ́rẹ́ ń wọlé sí i. Mo mọ̀ ọ́n. Kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́n jù mí lọ nínú gbọ̀ngàn yẹn. Bí ogún ìṣísẹ̀ ni àga mi sí pèpéle. Ká ní mo dìde, ká ní mo kàn sọ pé, "Ẹ dá a dúró," ì bá parí síbẹ̀. Ṣùgbọ́n wọ́n á yí ìṣẹ́tí sókè.

Mo jókòó. Ìkeje. Ìkẹjọ. Ìkẹsàn-án. Mo jókòó, mo sì fi ọwọ́ mi sílẹ̀ nínú ọwọ́ ọmọ mi.

Ó kọ mẹ́wẹ̀ẹ̀wá, ó sì gbà á tán. Òun nìkan ló gbà á tán. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní kó dìde. Ó dìde, ó gbé ẹsẹ̀ kan, ìdí lọ sọ́tùn-ún, ìdí lọ sósì, àwọn kan sì rẹ́rìn-ín. Tíṣà ló kọ́kọ́ rí ìbọ̀sẹ̀ funfun tó ti pupa dé bàtà.

Ó sáré gbé e. Ọmọ náà di síkẹ́ẹ̀tì mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. "Ẹ má ṣí i. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ṣí i. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ ṣí i."

Yàrá ọ̀gá ilé-ìwé ni wọ́n gbé e lọ. Àwa márùn-ún la tẹ̀ lé e wọlé: ọ̀gá, tíṣà, ọmọ mi, èmi, àti obìnrin kan tó ti bẹ̀rẹ̀ sí í hewú. Obìnrin yẹn ló máa kọ́ àwọn ọmọ mẹ́fà náà, ó ti wá bá àwọn òbí wọn sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ yẹn. Òun ló kúnlẹ̀, tó fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ tú ìka ọmọ náà lára aṣọ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó yí ìṣẹ́tí sókè. Ìdajì abẹ́rẹ́ jáde tẹ̀ lé òwú. Ìdajì tó kù wà nínú ẹran itan.

Ọgbọ̀n ọ̀rọ̀ náà sì wà níta, yíká síkẹ́ẹ̀tì, kí gbogbo ojú rí.

Ọ̀gá ló ní, "Ta ló rán èyí?"

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbọ́ mi, mo ti rò ó pé kí n fo ibí yìí. Mo gbọ́ ohùn ara mi tó ń sọ pé, "Ọmọ yìí máa ń fi abẹ́rẹ́ mi ṣeré nínú ṣọ́ọ̀bù. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa ẹ̀."

Pẹ́pẹ́yẹ gbójú sókè wò mí. Kò bínú. Ó wò mí bó ṣe máa ń wo inú agolo nígbà tí ọ̀kan bá dín.

"Èmi ni mo rán an," ó ní.

Ọmọ mi kò wò mí rárá. Ó tẹ̀ ba, ó mú etí síkẹ́ẹ̀tì náà, ó fi àtàńpàkò wá ìdí ọ̀rọ̀ kan, ó wá ìdí òmíràn. Ó wá bọ́ jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ rẹ̀, èyí tí mo fi orúkọ rẹ̀ sí láyà lọ́dún tó gba iṣẹ́, ó yí inú rẹ̀ síta. Ó gbé méjèèjì sí ẹ̀gbẹ́ ara wọn. Kókó kéékèèké mẹ́ta. Kókó kéékèèké mẹ́ta.

"Màmá, ta ló ta èyí?"

Mo gbé ojú mi kúrò lára kókó náà.

"Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, Màmá. Ẹ gbé e kà á lórí."

Obìnrin tó kúnlẹ̀ kò tíì dìde. Ó ń fi ìka tọ àwọn lẹ́tà náà, ó ń wo ẹja, ó ń wo fèrèsé. "Bí a ṣe ń kọ́ wọn nìyí," ó ní, kò sì pariwo. "Lẹ́tà tí ọwọ́ lè bà, àwòrán lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Màmá, ká ní orí tábìlì lẹ tẹ́ ẹ sí, níwájú gbogbo ayé..."

"Ṣé àyè kan ṣì wà lára àwọn mẹ́fà?" tíṣà béèrè. Omi ti wà lójú rẹ̀.

"Ó ti kún."

Ní ilé ìwòsàn, dókítà la itan náà láti yọ ìdajì abẹ́rẹ́ tó kù. Ojú ìránṣọ mẹ́ta ló fi pa á dé. Ó ní abẹ́rẹ́ náà á ti máa ta á bí iná láti ìgbà tó ti jókòó. "Kí ló dé tí kò pariwo?" ló ń béèrè.

Wọ́n lọ ní ọjọ́ Àbámẹ́ta. Báàgì kan péré ni ẹrù rẹ̀. Ó tiro dé ẹnu ọ̀nà, ó yí padà.

"Màmá, ẹ ka abẹ́rẹ́."

Mo kà á níwájú rẹ̀. Mo tún un kà. "Mẹ́rìndínlógún," ni mo wí.

Ó mi orí, ó sì jáde.

Kíláàsì kejì ni wọ́n fi í sí níbẹ̀, láàárín àwọn ọmọ tó kéré sí i. Kò sí irú olùkọ́ bẹ́ẹ̀ nítòsí wọn. Wọ́n ti kọ orúkọ rẹ̀ síbìkan, wọ́n ní kí wọ́n máa retí. Ọmọ mi ló ń sọ fún mi nígbà tó bá pè, ìyẹn nígbà tó bá pè.

Mo gé aṣọ sí igun mẹ́rin mẹ́rin, ọgbọ̀n, mo fi òwú nínípọn rán ọ̀rọ̀ kan àti àwòrán kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, lẹ́tà ńláńlá, níta gbangba. Mo rán kaba tuntun kan mọ́ ọn. Mo ka abẹ́rẹ́ kí n tó dì í, mo sì tún un kà lẹ́yìn tí mo dì í tán. Mo fi ránṣẹ́.

Ó tó ọ̀sẹ̀ méjì kí ọmọ mi tó pè. Mo béèrè bóyá ó ń lo àwọn igun mẹ́rin yẹn.

"Wọ́n ṣì wà nínú àpò tí ẹ dì wọ́n sí."

"Kaba ńkọ́? Ṣé ó bá a mu?"

"Ó bá a mu, Màmá. Ó kàn máa ń pẹ́ kó tó wọ̀ ọ́."

"Kí ló ń ṣe?"

"Bó ṣe ń ṣe gbogbo aṣọ ni, títí kan èyí tí mo bá rà. Á kọ́kọ́ yí inú rẹ̀ síta. Á wá jókòó, á di ojú, á máa fi ìka tọ ìṣẹ́tí yíká, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń kàwé."